Ernie Barnes àtàwọn ayàwòrán tó ń fi ọ̀dà sọ ohun tí kámẹ́rà ò lè sọ nípa eré ìdárayá

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n gbé àwòrán kan síta fún gbàǹjo ní ilé ìtajà Christie's nílùú New York. Àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà ti fojú bù ú pé kò ní tà ju 200,000 dọ́là lọ. Àfi bí àwọn olówó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé owó. Nígbà tí wọ́n fi máa lu òòlù pé ó ti parí, àwòrán náà ti lé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là.

Orúkọ àwòrán ọ̀hún ni The Sugar Shack. Àwọn èèyàn tó ń jó nílé ijó ló wà nínú rẹ̀, kò sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù lẹni tó yà á, Ernie Barnes. Bí ara èèyàn ṣe ń lọ́, bó ṣe ń nà, bó ṣe ń fò, orí pápá ló ti kọ́ ọ. Ọdún 2009 ló kú, kò fojú ara rẹ̀ rí owó ńlá yẹn.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ètò eré ìdárayá lórí rédíò, ẹ mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ẹ mọ kóòṣì, ẹ tún mọ rẹfirí tó fún wa ní káàdì tí kò yẹ. Àmọ́ àwọn kan wà tá a kì í sábà dárúkọ: àwọn tó ń ya eré ìdárayá. Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe? Nígbà tí kámẹ́rà ti wà, tí fóònù wà lápò gbogbo èèyàn, kí ló dé tẹ́nì kan á ṣì máa fi búrọ́ọ̀ṣì ya bọ́ọ̀lù? Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Ta ni ayàwòrán eré ìdárayá?

Oríṣiríṣi ni wọ́n. Àwọn kan ń yàwòrán fún ìwé ìròyìn àti fún pátákó ìkéde. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Spéìn gbàlejò ìdíje Ife Àgbáyé lọ́dún 1982, Joan Miró, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán tó lókìkí jù lọ lágbàáyé, ni wọ́n ní kó ya pósítà rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ya èyí tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri nílé àti ní mùsíọ́ọ̀mù. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ara bàtà, ara aṣọ tàbí ilẹ̀ pápá gan-an ni wọ́n ń ya iṣẹ́ tiwọn sí.

Kò sì yẹ ká rò pé ohun àjèjì ni sí wa. Ẹni tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí pátákó wọn ti pẹ́ díẹ̀, tàbí tó ti wo ẹ̀yìn dánfó àti mólúè dáadáa, á ti rí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọ̀dà yà síbẹ̀. Ayàwòrán eré ìdárayá lẹni tó yà á, bí a ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fún ayàwòrán ní àmì-ẹ̀yẹ ní Olimpíìkì?

Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀. Láti ọdún 1912 nílùú Stockholm títí di ọdún 1948 nílùú London, ìdíje iṣẹ́ ọnà wà nínú Olimpíìkì. Ìsọ̀rí márùn-ún ni: àwòrán yíyà, ère gbígbẹ́, orin, lítíréṣọ̀ àti yíya plánù ilé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni pé eré ìdárayá ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dá lé lórí.

Lọ́dún 1924 nílùú Paris, ayàwòrán ọmọ Ireland kan, Jack B. Yeats, gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà. Àwòrán rẹ̀ fi hàn bí èrò ṣe pé jọ sétí odò Liffey nílùú Dublin, tí wọ́n ń na ọrùn láti wo àwọn tó ń fi omi wíwẹ̀ díje. Àmì-ẹ̀yẹ yẹn ni àkọ́kọ́ tí Ireland gbà ní Olimpíìkì látìgbà tó ti gba òmìnira. Kì í ṣe sísáré, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Búrọ́ọ̀ṣì ló gbà á wá.

Lọ́dún 1948, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Copley, gba fàdákà lẹ́ni ọdún 73. Kí ló wá fòpin sí ìdíje náà? Òfin ni. Nígbà yẹn, Olimpíìkì kò gba ẹni tó ń fi eré jẹun láyè. Àwọn aláṣẹ wá rí i pé ayàwòrán tó ń díje, iṣẹ́ tó fi ń jẹun ló gbé wá. Bí wọ́n ṣe pa á tì nìyẹn, wọ́n ò sì ka àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ọnà mọ́ iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbà mọ́.

George Bellows: ẹ̀ṣẹ́ abẹ́lẹ̀ nílùú New York

Ká tó dé ọ̀dọ̀ Barnes, ó yẹ ká mọ ẹnì kan tí wọ́n máa ń fi wé. George Bellows lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó wà ní yunifásítì Ohio State, ó ń gbá baseball àti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kó tó kó lọ sí New York láti lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán.

Lásìkò yẹn, òfin kò fàyè gba kí wọ́n máa kan ẹ̀ṣẹ́ fún owó ní gbangba nílùú New York. Ọgbọ́n wo làwọn èèyàn wá dá? Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wòran á sanwó ẹgbẹ́, ẹni tó fẹ́ jà náà á di ọmọ ẹgbẹ́ fún alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan lára irú ibi bẹ́ẹ̀ wà nítòsí ibi tí Bellows ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1909, ó ya Stag at Sharkey's, tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Cleveland báyìí. Akànṣẹ́ méjì fi orí kan orí, iṣan wọn yọ gbàǹgbà, àwọn òǹwòran sì la ẹnu nínú òkùnkùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jẹ ẹran tútù.

Lọ́dún yẹn kan náà, ó ya Both Members of This Club. Aláwọ̀ dúdú kan àti aláwọ̀ funfun kan ló ń jà níbẹ̀. Àkọlé náà túmọ̀ sí pé ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn o. Lórí ibi ìjà nìkan ni wọ́n ti jọ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kálukú padà sí àyè tí ìlú fi í sí.

Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ jù lára iṣẹ́ rẹ̀ ni Dempsey and Firpo, tó yà lọ́dún 1924. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, Jack Dempsey ọmọ Amẹ́ríkà kojú Luis Firpo ọmọ Argentina. Ní abala kìíní, Firpo lu Dempsey jáde láàárín okùn, ó ṣubú sáàárín àwọn oníròyìn. Dempsey padà wọlé, ó sì borí ní abala kejì. Ta ló wá wà lókè nínú àwòrán? Firpo, ẹni tí wọ́n lù ni! Bellows kò ya ìgbà tí wọ́n gbé ọwọ́ ẹni tó borí sókè. Ìṣẹ́jú tí akọni ṣubú ló yà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti fò.

Ernie Barnes: ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́

Ọdún 1938 ni wọ́n bí Ernie Barnes nílùú Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, lásìkò tí òfin ṣì pààlà sáàárín dúdú àti funfun níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ tábà. Ìyá rẹ̀ ń bójú tó ilé lọ́ọ́yà kan tó lówó, ibẹ̀ sì ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ ń ṣí ìwé tí àwòrán àwọn àgbà ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù wà.

Ọmọ náà sanra, ojú sì ń tì í. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á sì lọ fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan láti máa yàwòrán sínú ìwé rẹ̀. Ibẹ̀ ni olùkọ́ tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ bíríkìlà, Tommy Tucker, ti bá a. Olùkọ́ náà tún máa ń gbé irin, ló bá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han ọmọ yìí. Nígbà tí Barnes fi máa jáde nílé ìwé gíga, òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, òun náà ló sì gbégbá orókè ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà nínú jíju irin róbótó.

Bọ́ọ̀lù tá à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tá a mọ̀ níbí o. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tí àwọn géńdé á sì máa fi èjìká kọ lu ara wọn. Bọ́ọ̀lù yẹn ló fi rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú nílùú wọn, iṣẹ́ ọnà ló sì lọ kà.

Lọ́dún 1956, kíláàsì wọn lọ wo mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà ti ìpínlẹ̀ náà, tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀. Barnes béèrè ibi tí àwòrán àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú wà. Ẹni tó ń mú wọn kiri dá a lóhùn pé àwọn èèyàn tirẹ̀ kì í ṣe nǹkan báyẹn. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún, mùsíọ́ọ̀mù yẹn kan náà ló ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ Barnes nìkan, gómìnà ìpínlẹ̀ ló sì gbàlejò.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, Ed Wilson, agbẹ́gilére tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, gbà á nímọ̀ràn kan tó yí ayé rẹ̀ padà. Ó ní kó máa kíyè sí ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un nígbà tó bá wà lórí pápá. Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, a ṣì máa padà sí i.

Orí pápá kò dẹrùn

Nípárí ọdún 1959, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Washington kọ́kọ́ mú Barnes. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́ mọ́. Ẹgbẹ́ Baltimore Colts ló wá mú un. Wọ́n pè é wá wo ìdíje àṣekágbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ New York Giants, ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tó padà sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kò tó wákàtí kan tó fi ya àwòrán tó pè ní The Bench: àwọn géńdé tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ara ń ta wọ́n láti wọlé. Kò ta àwòrán yẹn títí tó fi kú. Lọ́dún 2014, ìyàwó rẹ̀ gbé e fún Pro Football Hall of Fame, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìtàn eré náà sí.

Lọ́dún 1960, ó wà nínú ẹgbẹ́ New York Titans. Lóṣù Kẹwàá, ọ̀kan lára wọn, Howard Glenn, kú lẹ́yìn ìdíje kan nílùú Houston. Ọrùn rẹ̀ ló kán. Barnes ní òun ò ṣe mọ́, ó sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó lọ sí San Diego Chargers, lẹ́yìn náà Denver Broncos. Ní Denver, tí kóòṣì bá ń ṣàlàyé fún wọn, Barnes á máa yàwòrán lọ. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Big Rembrandt, orúkọ àgbà ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands.

Lọ́dún 1965, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní Kánádà, bọ́ọ̀lù sì dópin. Ọmọ ọdún 27 ni. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù mọ irú ọjọ́ yẹn: owó á dúró, fóònù á dákẹ́. Kí ni Barnes ṣe? Ó kó àwòrán rẹ̀ lọ bá àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù níbi ìpàdé wọn. Sonny Werblin, tó ni New York Jets, fún àwọn onímọ̀ ní New York wò ó. Èsì tí wọ́n fún un ni pé látìgbà George Bellows, wọn ò tíì rí ẹni tó ń ya eré ìdárayá báyìí. Werblin gba Barnes síṣẹ́, ó ń san owó oṣù agbábọ́ọ̀lù fún un, àmọ́ iwájú kánfáàsì ló ní kó wà. Lọ́dún 1966, wọ́n ṣe ìpàtẹ àkọ́kọ́ fún un nílùú New York.

Ọgbà bàbá rẹ̀

Ohun kan wà tẹ́ ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Barnes: pákó tó ti gbó, tó ti họ, ni férémù wọn. Kì í ṣe àìrówó rá. Lọ́dún 1966 yẹn, ó lọ sílé, ó sì bá bàbá rẹ̀ nílé ìwòsàn, àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá a dùbúlẹ̀. Ọgbà onípákó tí bàbá náà máa ń kùn, tó máa ń tún ṣe, ti ń jẹrà. Barnes gbé àwòrán kan tì í, ó sì rí i pé ó bá a mu. Kò pẹ́ sígbà náà tí bàbá náà fi kú. Pákó ọgbà yẹn ni Barnes kọ́kọ́ fi ṣe férémù, ó sì ń bá a lọ báyẹn láti fi bọlá fún bàbá rẹ̀ tó jẹ́ òṣìṣẹ́.

Ohun kejì ni ojú. Àwọn èèyàn inú àwòrán rẹ̀ sábà máa ń di ojú. Àlàyé tó ṣe ni pé ojú wa fọ́ sí ara wa, a kì í rí èèyàn tó wà nínú ẹnì kejì, àwọ̀ rẹ̀ la máa ń rí.

Iṣẹ́ ń wọlé lẹ́yìn náà. The Sugar Shack jáde lẹ́yìn àwo orin Marvin Gaye lọ́dún 1976, ó sì hàn nínú eré tẹlifíṣọ̀n Good Times. Òun ni wọ́n yàn ní ayàwòrán eré ìdárayá fún Olimpíìkì Los Angeles lọ́dún 1984. Lọ́dún 1987, ẹni tó ni ẹgbẹ́ Los Angeles Lakers ní kó ya àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ òun, títí kan Magic Johnson, bí wọ́n ṣe ń sáré kọ jú sí àwọ̀n.

Kí ni kámẹ́rà ò lè mú?

Ibí ni ọ̀rọ̀ Ed Wilson ti wúlò. Tí ẹ bá wo agbábọ́ọ̀lù nínú iṣẹ́ Barnes, ẹ máa rí i pé ọwọ́ rẹ̀ gùn ju ti èèyàn lọ, ọrùn rẹ̀ nà, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Kámẹ́rà ò lè rí irú ara bẹ́ẹ̀ torí kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sáré rí, tó ti na ara títí tí iṣan rẹ̀ fẹ́ já, mọ̀ pé bó ṣe rí lára gan-an nìyẹn. Kámẹ́rà ń sọ bí ara ṣe rí lójú, ayàwòrán lè sọ bó ṣe rí lára ẹni tó ni ín.

Ìkejì ni yíyàn. Fóònù á mú gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀: pátákó ìpolówó, igi, ẹni tó ń jẹ gúgúrú. Ayàwòrán á yan èyí tó fẹ́, á sọ ìyókù nù, bí Bellows ṣe yan ìṣubú Dempsey.

Ìkẹta ni pé àwọn mìíràn ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. LeRoy Neiman, tó kú lọ́dún 2012, máa ń jókòó sétí ibi ìjà Muhammad Ali pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé. Ní Olimpíìkì Munich lọ́dún 1972, ó ń yàwòrán níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n bí eré ṣe ń lọ. Àwọn onímọ̀ kan fojú tín-ín-rín iṣẹ́ rẹ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, àmọ́ àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀. Láolú Senbanjo, tí wọ́n bí nílùú Ìlọrin, lọ́ọ́yà ni tẹ́lẹ̀ kó tó kó lọ sí New York láti fi àwòrán jẹun. Ìlà àti àmì tó jọ ti ara aṣọ àdìrẹ àti ère Yorùbá ló máa ń yà. Lọ́dún 2016, iléeṣẹ́ Nike pè é pé kó wá ya ti Yorùbá yẹn sára bàtà eré ìdárayá Air Max.

Nílùú London, Yinka Ilori, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ló ya pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kan ní Canary Wharf lọ́dún 2021. Àwọ̀ tó gbóná bí aṣọ òde ló dà sórí ilẹ̀ rẹ̀, láàárín àwọn ilé gogoro tí báńkì kún inú wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iṣẹ́ ọnà gan-an.

Kí ló yẹ kí òbí àti ọ̀dọ́ mú níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ilé lónìí ló ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ìrètí ìdílé sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ lè kán. Barnes kò dúró kí ẹsẹ̀ kán kó tó mú pẹ́ńsù, inú ìpàdé kóòṣì ló ti ń yàwòrán. Tí ọmọ yín bá ń ya agbábọ́ọ̀lù sẹ́yìn ìwé, ẹ má kàn lù ú. Ẹ ra ìwé àwòrán fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi í ṣiṣẹ́, ẹ buwọ́ lu iṣẹ́ yín, ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ yà á sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí iléeṣẹ́ bá fẹ́ lò ó, ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà lórí ìwé: iye owó, ibi tí wọ́n máa lò ó sí, àti bó ṣe máa pẹ́ tó. Àwòrán tí ẹnì kan gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí lè di olówó iyebíye lọ́la, ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ ló máa lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wulẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, nígbà tẹ́ ẹ bá tún dúró lẹ́yìn dánfó tí wọ́n ya agbábọ́ọ̀lù sí, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ẹni tó yà á àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀.